Àpótí Afẹ́fẹ́ Tí A Dá Aṣọ Fún

Aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú ni, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú ọyẹ́ tó ṣáájú ti èṣí. Àwa mẹ́ta la wà ní ẹ̀yìnkùlé mi ní Ṣábẹ̀ẹ́, lójú ọ̀nà tó lọ sí Bẹ̀sé: èmi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Rẹ̀mí, àti Ìyá Gàní, aládùúgbò wa tó ń yan kajú tà. Mo ń to iṣu. Iṣu kan wà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo fẹ́ mí, èémí kò sì wọlé. Mo tún fà á, kò wọlé. Mo jókòó sílẹ̀ láàárín iṣu, mo di òpó abà mú.

Ìyá Rẹ̀mí wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Ta ló ń súfèé níbẹ̀ yẹn?"

Kò sẹ́ni tó ń súfèé. Àyà mi ni.

"Àkànbí, dìde," ló wí. "Kí lò ń jókòó sórí ilẹ̀ ṣe?"

Ìyá Gàní ló kọ́kọ́ rí i pé mi ò lè fèsì. Ó ju abẹ̀bẹ̀ tó fi ń fẹ́ iná sílẹ̀, ó gbá mi mú láti ẹ̀yìn, ó ní kí n tẹ̀ síwájú kí n fi ọwọ́ méjèèjì ti orúnkún. Ó tó ìdajì wákàtí tí a fi wà bẹ́ẹ̀ kí èémí tó padà, díẹ̀díẹ̀, bí àlejò tí wọ́n bẹ̀ kó tó wọlé.

Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, mi ò sì kọ̀wé púpọ̀ rí. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí n tó mọ̀wé kà, ní kíláàsì àwọn àgbà tí wọ́n máa ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí àìsàn yìí ń bá jà pọ̀ ní àgbègbè wa, mo sì rí i pé wọ́n ń ṣe irú àṣìṣe tí mo ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bíìkì láti kọ èyí.

Kò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ iṣu yẹn. Kó tó di ọjọ́ náà, mo ti ń wú ikọ́ láràárọ̀, ikọ́ tí kì í kúrò títí oòrùn á fi là. Bí mo bá ń gun ọ̀nà òkè lọ sí oko kajú mi, mo máa ń dúró lẹ́ẹ̀mejì, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé bàtà ló ń yọ mí lẹ́nu. Bí mo bá rẹ́rìn-ín, ikọ́ á gbà á lẹ́nu mi, torí náà mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ìyàwó mi ti kú láti ọdún mẹ́jọ. Àwọn èèyàn ní ìbànújẹ́ ló ń jẹ mí. Wọn ò bi mí. Ó rọrùn fún wọn bẹ́ẹ̀, èmi náà sì jẹ́ kó rọrùn fún wọn. Ìwọ tó o bá ń kà á, tó o bá ti ń díbọ́n pé bàtà ló ń yọ ẹ́ lẹ́nu lójú ọ̀nà òkè, lọ rí dókítà. Má dúró de ọjọ́ iṣu tìrẹ.

Ọ̀rọ̀ àpótí ló kàn báyìí, nítorí láìsí i, ìtàn àìsàn mi kò ní ju ojú ewé kan lọ.

Nígbà tí òjò ọdún náà dá, àwọn kan wá láti Kùtọnu. Akọ̀wé kan láti mẹrí, ilé iṣẹ́ ìjọba ìlú wa, ló mú wọn wá. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe rí ní ìgbèríko, nítorí iná oko, eruku ọyẹ́ àti èéfín ìdáná. Wọ́n kó àpótí funfun kéékèèké wá, kò ju búrẹ́dì ńlá kan lọ. Gíláàsì kan wà lójú rẹ̀ tó ń kọ iye eruku àti èéfín tó wà nínú afẹ́fẹ́, iná kékeré sì wà lábẹ́ gíláàsì náà. Bí afẹ́fẹ́ bá dára, iná yẹn á tàn ní àwọ̀ ewé. Bó bá ń bàjẹ́ bọ̀, á di àwọ̀ ìyeyè. Bó bá burú, á pupa. Wọ́n kan ọ̀kan mọ́ ògiri ilé mi nítorí pé mo mọ̀wé kà, ilé mi sì wà láàárín àdúgbò. Iṣẹ́ mi ni kí n kọ iye tó wà lójú gíláàsì sínú ìwé kayé láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, kí akọ̀wé mẹrí sì wá wò ó ní oṣooṣù.

Inú mi dùn, mi ò ní parọ́. Kò sẹ́ni tó tíì gbé iṣẹ́ ìwé fún mi rí láyé mi.

Ní ọ̀dọ̀ wa, ohun tó bá níye lórí, a máa ń bò ó ni. Tẹlifíṣọ̀n ní aṣọ tirẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ ní tirẹ̀. Rédíò bàbá mi wọ aṣọ títí bàbá fi kú. Eruku ọyẹ́ kì í ṣe ohun tí à ń fi ohun tuntun sílẹ̀ fún. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Ìyá Rẹ̀mí fi rán aṣọ fún àpótí náà, ankara ìpele méjì tó fi tìmùtìmù sí àárín, ó la ojú síwájú rẹ̀ kí a lè máa rí gíláàsì àti iná, ó sì fi okùn fún ìdí rẹ̀ pa pinpin.

"Ohun ìjọba ni," ló wí. "Bí eruku bá bà á jẹ́, orúkọ ta ni wọ́n máa pè?"

Mo gbà pé òótọ́ ló sọ. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń yìn ín. Nígbà tí akọ̀wé mẹrí dé lóṣù àkọ́kọ́, ó fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, ó ní, "Bàbá Ṣadé, ẹ̀yin nìkan lẹ mọ bí a ṣe ń tọ́jú nǹkan."

Láti ọjọ́ tí aṣọ ti wọ ara àpótí náà, àwọ̀ ewé ló ń tàn. Láàárọ̀, ewé. Ní ìrọ̀lẹ́, ewé. Ẹni tó gbọ́n jù mí lọ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Ó gbà mí ní ọdún kan àti oṣù díẹ̀ kí n tó mọ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ iṣu, Ìyá Rẹ̀mí kò jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ dáadáa kó tó dé pẹ̀lú ewé gbígbẹ àti èédú. Ó da ewé sórí ẹyin iná nínú àpáàdì, ó ní kí n tẹrí sí i, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo èmi àti àpáàdì. Ẹni tí kò rí èémí mí, èéfín ni wọ́n fi ń wò ó. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ṣe é. Lọ́jọ́ kẹta, mo ra jáde lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì bí ọmọ ọwọ́, omi ń dà lójú mi, àyà mi ń súfèé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Àìsàn ló ń jáde yẹn," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Èmi ni mo ń jáde," ni mo dá a lóhùn.

Kò sẹ́ni tí kò ní oògùn. Àwọn ará ìjọ mi gbàdúrà lé mi lórí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n tún ní kí n má lo oògùn mìíràn mọ́ àdúrà. Ṣadé ọmọ mi pè láti Kùtọnu, ó ní kí n lọ rí dókítà kíákíá. Kó tó gbé fóònù sílẹ̀, ó ní ẹnì kan ń ta ẹ̀tù kan nínú ọkọ̀ tó dára fún àyà, òun á fi ránṣẹ́. Ìyá Gàní gbé oyin àti àlùbọ́sà wá. Ìyẹn ni mo jẹ, nítorí òun nìkan ni àlàyé kò bá wá.

Nígbà tó yá, mo lọ sí ilé ìwòsàn. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo débẹ̀, mo sì bá èèyàn bí ogún lórí bẹ́ǹṣì. Ẹ máa mú sùúrù dání bí ẹ bá ń lọ, kí ẹ sì mú omi àti àkàrà dání pẹ̀lú. Ikọ́ mi bẹ̀rẹ̀, bẹ́ǹṣì náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀. Obìnrin tó wà lápá ọ̀tún mi sún. Ẹni tó tẹ̀ lé e sún. Kí oòrùn tó ga, àyè tó fún mi láti nà gbọọrọ wà lórí bẹ́ǹṣì náà. Bàbá arúgbó kan ṣoṣo ni kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ẹ̀yin ò ní sún ni, Bàbá?" ni mo bi í.

"Sún lọ síbo? Ikọ́ tó fẹ́ pa mí ti pa àwọn ẹgbẹ́ mi tán, ó ti rẹ̀ ẹ́."

Wọ́n ní kí n tu itọ́ sínú ike, bóyá ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Ọ̀sẹ̀ kan la fi dúró de èsì. Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn, Ìyá Rẹ̀mí so òwú pupa mọ́ ife mi kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì fi mu omi. Èsì dé, kì í ṣe ikọ́ ẹ̀gbẹ. Kò tú òwú náà. Ó ní ìwé lè ṣìnà. Nígbà yẹn mo bínú sí i gan-an.

Dókítà tó rí mi kì í ṣe ẹni tó ń kánjú. Ó gbé ohun èlò rẹ̀ lé mi láyà, lé mi lẹ́yìn. Ó bi mí bóyá mo ń mu sìgá. Mo ní rárá. Ó wá bi mí ní ìbéèrè tó yẹ kó gbà mí là.

"Ṣé èéfín wà níbi tí ẹ ń gbé?"

"Rárá, dókítà," ni mo wí. "Àpótí tó ń wọn afẹ́fẹ́ wà lára ògiri mi. Àwọ̀ ewé ló ń tàn lójoojúmọ́."

Mo yọ kayé jáde. Mo ti mú un dání, kí ó lè rí i pé mo mọ̀wé kọ. Ó ṣí i ní ojú ewé kan sí ìkejì.

"Ìwé yín mọ́," ló wí. Ó kọ nǹkan sínú ìwé tirẹ̀, ó fún mi ní kápúsù, ó ní kí n padà wá bí kò bá lọ. Mo padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú ọyẹ́ yẹn. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kápúsù ni. Èmi fúnra mi ni mo fi kayé dí ọ̀nà tí dókítà fẹ́ gbà.

Mo sì dí ọ̀nà ẹlòmíràn pẹ̀lú. Ìyá Gàní ń tọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin kan tí kò tíì pé ọdún kan. Ìrọ̀lẹ́ kan, ó gbé ọmọ náà pọ̀n wá bá mi.

"Bàbá Ṣadé, ẹ jọ̀ọ́, kí ni àpótí yín wí? Ọmọ yìí kò sùn mọ́, ikọ́ ni ṣáá. Ṣé kì í ṣe èéfín agbada mi?"

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé èéfín náà. Bí ẹ bá ń yan kajú, òróró inú èèpo rẹ̀ máa ń jó, èéfín rẹ̀ dúdú, ó máa ń ta ojú bí ata. Èèpo tó bá ṣẹ́kù, Ìyá Gàní máa ń dá a padà sábẹ́ agbada láti fi dá iná. Àgọ́ ìyankajú rẹ̀ kò jìnnà sí fèrèsé mi. Ojú mi ń rí èéfín náà lójoojúmọ́, imú mi ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Síbẹ̀, mo dìde, mo lọ wo ògiri. Àwọ̀ ewé.

"Kì í ṣe èéfín," ni mo wí. "Afẹ́fẹ́ dára."

Ó dúpẹ́. Ó tẹ́ ẹní ọmọ náà sítòsí àgọ́ kí ó lè máa rí i bó ti ń ṣiṣẹ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi gbé ọmọ náà lọ sílé ìwòsàn, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀. Ọmọ náà yè é. Ìyá Gàní nìkan kọ́, àwọn ìyá ọmọ mìíràn náà bi mí nínú ọyẹ́ yẹn. Èsì kan náà ni mo fún gbogbo wọn.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Eruku sùn, iná oko kú, àwọn tó ń yan kajú sinmi. Kò pẹ́ tí mo fi ń gun òkè láìdúró. Mo ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo jó. Ìyá Rẹ̀mí ní ewé òun ni. Àwọn aládùúrà ní àdúrà àwọn ni. Ṣadé ní ẹ̀tù inú ọkọ̀ ni, bẹ́ẹ̀ mi ò tíì ṣí i. Òjò nìkan ni kò wá gba ọpẹ́.

Ọyẹ́ tún dé. Lọ́tẹ̀ yìí, ọjà ni mo wà ní aago mọ́kànlá àárọ̀, mo ń bá oníṣu kan nájà. Àwọn ọdẹ ti tiná bọ igbó lẹ́yìn ìlú láti àárọ̀, èérú ń rọ̀ sórí ọjà. Mo rántí pé mo na ọwọ́ sí iṣu, mi ò rántí pé mo mú un. Wọ́n ní ọlọ́kadà zémi kan ló gbé mi lọ sílé ìwòsàn, tí ẹnì kan jókòó sẹ́yìn mi, tó dì mí mú bí àpò èédú. Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fi fi afẹ́fẹ́ inú irin sí mi nímú. Ewúrẹ́ tí mo ní tán síbẹ̀. Ṣadé wá láti Kùtọnu, ó sì ti ń sọ ìgbà tí a óò jọ padà.

"Bàbá, ẹ ò lè dá gbé níbí mọ́."

"Kùtọnu tí ọ̀kadà ń tu èéfín níwájú ilé yín láti àárọ̀ dalẹ́?"

"A máa ti fèrèsé."

Ilé tí mo ń gbé yìí, èmi àti ìyá rẹ̀ la jọ fi ọwọ́ wa mọ ọ́n. Mi ò fẹ́ lọ kú sẹ́yìn fèrèsé títì.

Dókítà kan náà ló wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. "Bàbá," ló wí, "ohun kan wà tí ẹ ń mí sínú, tí ẹ ò sọ fún mi." Mo ní mo ti sọ gbogbo ohun tí mo mọ̀. Òótọ́ sì ni.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo padà délé, ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Nádẹ́jì wá láti Kùtọnu láti wá nu àwọn àpótí náà. Ó bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó kí èmi àti Ṣadé, ó gbójú sókè wo ògiri.

"Bàbá, kí nìyí?"

"Aṣọ rẹ̀ ni."

"Ó tó ìgbà wo tó ti wọ̀ ọ́?"

"Láti ọjọ́ kẹfà."

"Ọjọ́ kẹfà oṣù yìí?"

"Ọjọ́ kẹfà tí ẹ gbé e wá."

Ó jókòó sórí pẹpẹ. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó wo ojú mi, ó gbé ẹ̀rín náà mì. Ó tú okùn ìdí aṣọ náà, ó fi ihò kéékèèké tó wà lábẹ́ àpótí hàn mí. Ibẹ̀ ni àpótí ti ń mí. Ibẹ̀ gan-an ni okùn Ìyá Rẹ̀mí fún pa.

"Afẹ́fẹ́ inú aṣọ lẹ ti ń kọ láti ọjọ́ yìí, Bàbá."

A dúró. Kò pẹ́ tí iná náà fi di àwọ̀ ìyeyè. Ní àgọ́ rẹ̀, Ìyá Gàní da apẹ̀rẹ̀ èèpo kan sábẹ́ agbada, èéfín dìde, ó fò kọjá ògiri. Iná náà pupa, kò sì padà.

Inú bí mi. Inú bí mi sí ẹ̀gbọ́n mi àti ọwọ́ ìránṣọ rẹ̀. Inú bí mi sí akọ̀wé tó ya fọ́tò aṣọ náà, tó yìn mí. Inú bí mi sí àwọn tó gbé àpótí wá, tí wọ́n ní kí omi má kàn án, kí àwọn ọmọ má sọ òkò lù ú, tí kò sí ẹnì kan nínú wọn tó sọ pé ó ní imú. Nígbà tí mo bínú sí gbogbo wọn tán, ó ku èmi. Mo ní ojú, mo ní imú, àyà mi ń súfèé, mo sì fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ gba iná kékeré kan gbọ́. Kò sí irinṣẹ́ tó burú nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ bá ní irú àpótí yìí ní abúlé yín, ẹ wò ó, kí ẹ sì tún wo ara yín. Bí àpótí bá ní afẹ́fẹ́ dára, tí àwọn ọmọ ń wúkọ́, ẹ lọ wo àpótí lákọ̀ọ́kọ́.

Mo padà sọ́dọ̀ dókítà, mo sọ fún un. Ó fi ọwọ́ bojú fún ìgbà díẹ̀. "Ó kan èmi náà," ló wí. "Ìwé ni mo kà, mi ò wá gbọ́ òórùn." Ó ṣàlàyé pé èéfín àti eruku ọ̀pọ̀ ọdún ti fún ọ̀nà èémí mi pọ̀, kò ní padà sí ti ọmọkùnrin mọ́. Ó fún mi ní pọ́ńpù kékeré tí mo ń fà sẹ́nu láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ojoojúmọ́ ni, ẹ má ṣe dúró dìgbà tí àyà bá há. Ó ní bí mo bá ń fà á, tí mo sì kúrò nínú èéfín, mo lè pẹ́. Bí mo bá sì ń gbé inú èéfín… Kò parí gbólóhùn náà.

Ìyá Rẹ̀mí kò fẹ́ pọ́ńpù. "Wọ́n ní ó máa ń mọ́ọ̀yàn lára. Bó bá ti mọ́ ẹ lára, o ò lè fi sílẹ̀ mọ́."

"Oúnjẹ náà mọ́ mi lára," ni mo wí.

Mo lọ sí mẹrí. Akọ̀wé náà gbọ́ mi tán, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní iye èṣí ti lọ sí Kùtọnu, wọ́n ti kọ ọ́ pé àdúgbò wa ni afẹ́fẹ́ rẹ̀ dára jù ní gbogbo àgbègbè. "Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti òní, Bàbá. Ta ló máa jèrè bí a bá tú èyí tó ti kọjá?" Mi ò dá a lóhùn. Ó rò pé mo ti gbà.

Ṣùgbọ́n iná pupa kò ṣeé fi pamọ́. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ládùúgbò, ó sì rìn lọ sọ́dọ̀ Ìyá Gàní. Olórí àdúgbò pe ìpàdé sábẹ́ igi máńgòrò rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ṣadé ti di ẹrù mi. Bí agbada yẹn kò bá kúrò nítòsí fèrèsé mi, ọjọ́ Ajé la ó wọkọ̀.

Ìyá Gàní kò dúró kí wọ́n pè é. "Nígbà tí àpótí wọṣọ, èmi ni Ìyá Gàní tó ń fún àwọn ọmọ yín ní kajú jẹ. Ó bọ́ aṣọ tán, mo di apànìyàn."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan ní ẹ̀yìn ní, "Ilẹ̀ rẹ̀ ni Bàbá Ṣadé ń wá." Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Ìyá Gàní kò rẹ́rìn-ín. Èmi ló kọjú sí. "Mo bi yín. Mo gbé ọmọ pọ̀n, mo wá bá yín nílé, mo bi yín. Ẹ ní afẹ́fẹ́ dára. Èwo ni kí n gbà nínú ẹnu yín méjèèjì?"

Akọ̀wé mẹrí wà níbẹ̀. Ó ń mi orí sí mi díẹ̀díẹ̀ pé kí n má sọ ọ́.

Mo dìde. Mi ò tíì dìde sọ̀rọ̀ ní ìpàdé rí. "Ti ìsinsìnyí ni kí ẹ gbà," ni mo wí. "Kayé èṣí, irọ́ ló wà nínú rẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ́. Mo bo àpótí náà, kò rí afẹ́fẹ́ mí, mo sì ń fi iye rẹ̀ dá yín lóhùn. Mo tún fi tan dókítà mi, ara mi ló gbà á. Èéfín ló ṣe ọmọ yẹn, Ìyá Gàní. Ẹ ti fura. Èmi ni mo ní kì í ṣe òun."

Ìyá Gàní tún gèlè rẹ̀ wé, ó dìde, ó lọ. Àwọn tó kù jókòó pẹ́, ìpàdé sì tú láìsí ìpinnu kankan. Akọ̀wé náà wọ bàtà rẹ̀ láìkí mi.

Bí mo ṣe wà báyìí nìyí. Òjò kan ti kọjá lórí ìpàdé yẹn. Agbada náà wà ní ìta àdúgbò nísinsìnyí, ní apá ibi tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń gbé èéfín lọ sínú pápá tí kò sílé. Wọn kì í fi èèpo kajú dáná mọ́. Àpótí náà wà níhòòhò lára ògiri, Nádẹ́jì ń wá nù ún. Bí ó bá pupa, mo máa ń so aṣọ pupa kan mọ́ ẹnu ọ̀nà kí àwọn ìyá lè rí i láti òkèèrè. Àwọn àgbẹ̀ ṣì ń jó oko nígbà tó bá wù wọ́n, àwọn ọdẹ kì í wá sí ìpàdé. Mi ò lè gun òkè mọ́. Mo ń ṣiṣẹ́ oko díẹ̀, mo ń sinmi púpọ̀. Mi ò tíì padà sórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Ṣadé ti padà sí Kùtọnu, ẹrù mi kò bá a lọ. Mi ò sàn. Mo wà láàyè, mo sì mọ ohun tí mo ń mí.

Bí agbada ṣe kúrò ni mi ò tíì sọ. Ọkùnrin ló pọ̀ jù ní ìpàdé yẹn. Àwọn ìyá tí mo fún ní èsì èké kò sí níbẹ̀, wọ́n wà nídìí iná oúnjẹ alẹ́. Torí náà, ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fa pọ́ńpù mi, mo mú ọ̀pá, mo jáde. Ilé Ìyá Gàní ni mo kọ́kọ́ yà, nítorí ibẹ̀ ló le jù. Mo bá a tó ti ń fi ọkọ́ wú àdògán tó gbé agbada rẹ̀ ró kúrò nílẹ̀, ọmọ náà wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo tún gbogbo ohun tí mo sọ lánàá sọ. Ó gbọ́ ọ tán kó tó gbójú sókè.

"Mi ò tíì ní ọ̀rọ̀ tí mo máa bá yín sọ," ló wí. "Ẹ lọ sọ́dọ̀ Ìyá Àfúsá. Ẹ̀yin náà lẹ sọ fún òun."

Mo lọ sọ́dọ̀ Ìyá Àfúsá. Òun náà darí mi sí ilé mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ti ilé kan bọ́ sí ìkejì, mo ń jókòó sí gbogbo ẹnu ọ̀nà kí èémí lè bá mi. Ní ilé keje, mi ò lè dìde mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ìyá ọmọ kan wà nínú ilé ìdáná, ó ń fẹ́ iná, ọmọ rẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú èéfín. Ó kí mi láti ibẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ṣé kò sí?"

"Ó wà," ni mo wí. "Ohun tí mo sọ fún ọ lọ́dún tó kọjá nípa ikọ́ ọmọ yẹn…"

Kí n tó rí èémí parí gbólóhùn náà, ó ti gbé ọmọ kúrò nídìí iná.